Ọtí Tí Bàbá Mi Kò Mu

Orí wọ́sáàpù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀mùtí ni bàbá mi.

A ti ṣe àdúà ogójì ọjọ́ wọn tán. Mo jókòó sí pálọ̀ òkè nínú agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan, mò ń ká àwọn agbádá wọn tí a fẹ́ fi ṣe sàráà, nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdákẹ́. Mo rò pé ẹlòmíràn tún ti kú ni. Mo ṣí gúrúùpù ẹbí wa, àwòrán ni mo bá níbẹ̀: kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu, ìgò ọtí líle tò lọ rẹrẹ nínú rẹ̀, eruku bò wọ́n dé ọrùn. Abẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Ẹ wá wo ohun tí Àlàájì wa fi pamọ́ o."

Bàbá Kékeré ló fi ránṣẹ́. Àbúrò bàbá mi ni, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Níbo ló sì wà nígbà tó ń fi í ránṣẹ́? Inú yàrá bàbá mi ni, lẹ́yìn ògiri tí mo fẹ̀yìn tì! Ó ní òun fẹ́ mú tẹ̀súbáà ẹ̀gbọ́n òun kí òun máa fi rántí rẹ̀. Mo ní kó wọlé. Ó rí ìgò, kò pè mí, kò bi ìyá mi léèrè ọ̀rọ̀, fóònù ló yọ.

Ẹni tó bá ń kà á lè máa sọ lọ́kàn pé ọmọ wo rèé, tó ń pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní "ó". Títí di ọ̀sán ọjọ́ náà, "wọ́n" ni mò ń pè é. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé "wọ́n" náà sọnù.

Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ẹnìkan fi àwọn orí kéékèèké tí ń rẹ́rìn-ín dé orí omijé ránṣẹ́. Ìbátan wa kan tó ń gbé Ìkòròdú kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin ará, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé láwàní." Ẹni tí bàbá mi san owó ilé ìwé rẹ̀ ni! Òmíràn ní, "Áà, abájọ tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá wọn." Bàbá mi tó ń ta àgádágodo ni kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn? Mo ka gbogbo rẹ̀, agbádá tó wà lẹ́sẹ̀ mi ṣì ń ta sánsán lọ́fínńdà wọn.

Bàbá mi kì í mutí. Àgádágodo, ìnsì ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí títì. Bí ẹni tó ti mu yó bá wọlé wá ra nǹkan, wọ́n á tà fún un tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ṣùgbọ́n bó bá ti jáde, wọ́n á ní kí a ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n á sì lọ ṣe àlùwàlá wọn ní tuntun, bí wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan onítọ̀hún. Èmi ọmọ wọn tí mo dàgbà sí ilé yẹn, tí mo sì tún padà wá bá wọn gbé lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, mi ò gbóòórùn ọtí lẹ́nu wọn lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n olórí ẹbí ni wọ́n. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó bá ti jẹ́ olórí ẹbí, ì báà ti dé Mẹ́kà lọ dé Mẹ̀dínà, ọtí yóò wá a wálé. Bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ wa, ṣìnáàpù wà lára ẹrù ìdána. Bí ọmọ ẹbí méjì bá jà lórí ilẹ̀, tí a dá ọ̀kan lẹ́bi, ìgò jíìnì ni yóò gbé wá fi bẹ̀bẹ̀. Lópin ọdún, báǹkì kan ní Tinúbú tí bàbá mi máa ń bá tún kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wọn ṣe á fi apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn ránṣẹ́: bísíkíìtì, tíì, mílíìkì alágolo, àti wisikí kan láàárín wọn bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Àwa ọmọ á gba bísíkíìtì. Bàbá mi á fi ọwọ́ òsì gbá wisikí náà mú lọ́rùn, wọ́n á gbé e lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo bi wọ́n léèrè rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe kúkú máa dá wọn padà?"

Wọ́n ní, "Kí n dá ẹ̀bùn àna padà? Kí wọ́n lè sọ pé a ò fẹ́ fún wọn lọ́mọ?"

"Ẹ tà wọ́n nígbà yẹn."

"Owó ọtí ni kí n fi ra ìrẹsì fún yín?"

"Ẹ fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ."

"Ta ni mo kórìíra tó bẹ́ẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù. "Wọn ò jẹ, wọn ò mu, wọn ò bá mi jà. Jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀."

Kí n má purọ́, mo bínú sí bàbá mi náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ́. Ohun tí wọn kò rí yanjú lójú ayé wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún obìnrin méjì tó ń ṣọ̀fọ̀. Bí wọ́n bá ti dà á nù lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé, ta ni ì bá rí nǹkan yà sínú fóònù? Ṣùgbọ́n ìbínú sí òkú kì í tọ́jọ́. Alààyè ni mo kọjú sí.

Mo pe Bàbá Kékeré lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti padà sílé rẹ̀ nígbà yẹn.

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àwòrán yẹn kúrò."

"Kí ló dé? Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Ṣé ìgò kọ́ ló wà níbẹ̀?"

"Ìgò ni. Ṣé ẹ wo ìdérí wọn?"

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ìgò?"

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Òótọ́ ló kúkú sọ. Tó bá di ká wo ìgò, ó mọ̀ ọ́n wò jù mí lọ.

Ìyá mi ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ. Inú opó ni wọ́n ṣì wà, wọn kò gbọdọ̀ jáde, nítorí náà àwọn obìnrin asáláàtù wọn ló máa ń wá bá wọn ṣe àdúà nílé. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ máa ń kún débi pé àwọn kan á jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn àwòrán yẹn, àwọn tó wá kò kún ẹní kan. Ọ̀kan nínú wọn, tí òun àti ìyá mi ti jọ ń rìn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, dúró lẹ́yìn àdúà, ó rọra fà mọ́ wọn.

Ó ní, "Alájà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni, àbí ẹ bá wọn bò ó?"

Inú kíṣíìnì ni mo wà, mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ jáde sí i. Ìyá mi ti rí mi, wọ́n fi ojú dá mi padà. Wọ́n sọ fún obìnrin náà pé, "Ó dàárọ̀." Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ọ̀sán nígbà náà. Nígbà tí obìnrin yẹn lọ tán, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọn ò ká a, wọn ò sì dìde.

Wọ́n ní, "Mo bá bàbá yín gbé títí irun mi fi funfun. Èmi ni wọ́n wá ń bi bóyá mo mọ̀ wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi ju gbogbo ẹ̀rín orí wọ́sáàpù lọ.

Kò pẹ́ sí i ni ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó kí wa dáadáa, ó sì gbé àpò ńlá méjì tí wọ́n ká mọ́ abíyá.

"Ẹ kú ilé o, Àńtí. Bàbá ní kí n wá bá yín kó àwọn ìgò yẹn kúrò nílẹ̀, kó má baà jẹ́ ẹ̀gàn fún yín."

Mo bi í pé bàbá wo. Ó dárúkọ àbúrò bàbá mi. Mo mú un gòkè, nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Mo dúró tì í bó ṣe ń wò wọ́n. Kò gbé ìgò kankan sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ara ìgò ló ń fi àtàǹpàkò nù, ìdérí ló ń fọwọ́ yí wò, tó ń fi èékánná kan.

Ó ní, "Páálí wọn ńkọ́, Àńtí?"

"Páálí wo?"

"Páálí tí wọ́n bá wá. Ẹ má sọ pé ẹ ti jù ú nù! Ti àtijọ́ ló dára jù. Bí ẹ bá tún ní èyí tó ti ṣófo, ẹ má dà á nù o, a máa gbà á. Ìgò ló ṣe pàtàkì, ọtí inú rẹ̀ ò le."

"Báwo ni ọtí inú rẹ̀ ò ṣe le?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ohun tó bá wà nílẹ̀ la máa rọ sí i, Àńtí. Bí ìgò bá ti dára, ta ló ń béèrè?"

Gbogbo wa la mọ irú ọtí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò bẹ́ẹ̀ ní Èkó yìí. Ó ń fọ́ni lójú, ó ń jóni nífun, ibi ìnáwó ni wọ́n sì ti ń bù ú fún àlejò. Ìgò tí àwọn àna fi ọ̀wọ̀ gbé wá síwájú bàbá mi ni wọ́n fẹ́ lọ fi pa ọmọ ẹlòmíràn. Àti pé ta ló rán an wá? Ẹni tó ya àwòrán! Ọtí tó jẹ́ ìtìjú ẹbí lórí wọ́sáàpù ti di ọjà lẹ́yìn ilé.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Àńtí, ẹ fara balẹ̀ ná..."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí n tó pariwo olè."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Àpò rẹ̀ kan já bọ́ sórí àtẹ̀gùn, kò yíjú padà mú un.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ bá Ààfáà tó kí ìrun sí bàbá mi lára. Àgbàlagbà ni, àdúgbò wa ni wọ́n ń gbé, wọ́n mọ bàbá mi láti ìgbà èwe. Mo rò pé wọ́n á ní kí n ṣe sùúrù, kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, mo sì ti múra láti bá wọn jà lórí ìyẹn. Wọ́n gbọ́ mi tán.

Wọ́n ní, "Ẹ pe ẹbí. Wọ́n ti rí ìlàjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá rí gbogbo rẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú la pè wọ́n. Ẹbí tí kì í pé bí a bá ní ká wá tún òrùlé ṣe pé pérépéré lọ́jọ́ yẹn. Èmi fúnra mi ni mo fi báàfù ru àwọn ìgò náà sọ̀ kalẹ̀, mo lọ, mo bọ̀, mo tò wọ́n sórí ẹní láàárín àgbàlá, nínú oòrùn. Onígun mẹ́rin aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìda pupa dí lẹ́nu wà níbẹ̀, wisikí tó dà bí tíì wà níbẹ̀. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn pẹ̀lú ìbòrí funfun. Bàbá Kékeré ti jókòó sórí àga bàbá mi kí n tó dé pẹ̀lú báàfù àkọ́kọ́.

Mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní bàbá mi ń mutí. Ọtí náà rèé. Ẹ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ kan ìdérí wọn. Ẹni tó bá rí èyí tí wọ́n ṣí, kó sọ."

Wọn ò fẹ́ dìde. Ojú ń ti àwọn kan. Àńtí bàbá mi tó dàgbà jù ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n tẹ̀ lórí ọ̀pá, wọ́n ń fi ìka kan ìda ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan. "Èyí dí. Èyí náà dí. Háà, èyí ni ti ọmọ mi, àwọn àna wa ará Ìjẹ̀bú ló gbé e wá!" Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ ọn. Àwọn kan ń wá èyí tí àwọn fúnra wọn gbé wá. Ará Ìkòròdú tó sọ̀rọ̀ láwàní náà yẹ̀ wọ́n wò, ó sì padà sí àyè rẹ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá Kékeré na ọwọ́. "Èyí ńkọ́?"

Ìgò jíìnì kan ló gbé sókè. Kò dí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlàjì. Èmi ni mo tò ó sórí ẹní, ṣùgbọ́n mi ò kíyè sí i. Ó ń yí ìgò náà káàkiri kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ṣí èyí?"

Ìyá mi ní, "Èmi ni."

Gbogbo orí yí sí ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣí i. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, orúnkún bàbá wọn wú, wọn ò lè wólẹ̀ kírun mọ́. Àwọn ìpara tí a rà ní kẹ́míìsì kò ràn án. Mo ṣí ìgò yẹn, mo gé aáyù àti atalẹ̀ sínú rẹ̀, mo fi ń wọ́ wọn lórúnkún láràárọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Àńtí bàbá mi gba ìgò náà lọ́wọ́ Bàbá Kékeré. Ègé aáyù àti atalẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ó ti rọ̀.

"Bàbá wọn bi mí pé, kí ló ń rùn báyìí? Mo ní sípírítì ni. Wọ́n ní, ti kẹ́míìsì? Mo ní, sípírítì ni mo wí." Ìyá mi fa ìbòrí wọn ṣe dáadáa. "Irọ́ kọ́ ni mo pa. Orúnkún wọn ló mutí, ẹnu wọn kò mu ún. Wọ́n sì fi orúnkún yẹn wólẹ̀ fún Ọlọ́run títí wọ́n fi kú."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, òmíràn tẹ̀ lé e. Bàbá Kékeré kò rín. Ó ní àwọn kan ń mu irú èyí tí a rẹ aáyù sí, ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Ààfáà tí wọ́n ti jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀ wá gbé ojú sókè.

Wọ́n ní, "Obìnrin yìí wà nínú opó, ó sì ti jẹ́rìí. Ẹni tó bá máa sọ níwájú Ọlọ́run pé irọ́ ló pa, kó dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Mo wo Bàbá Kékeré. Ó ń wo ilẹ̀.

Ẹni tí ojú bá tì á dákẹ́, àbí? Ọ̀rọ̀ tó tẹnu rẹ̀ jáde tẹ̀ lé e ni pé, "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ bá mi kó wọn lọ sí ilé mi. Nǹkan ẹbí ni, èmi sì ni olórí ẹbí báyìí."

"Nǹkan ẹbí!" Mi ò mọ̀ pé mo ti dìde. "Lánàá nǹkan ìtìjú ni. Lónìí ó ti di nǹkan ẹbí. Ọkùnrin tí ẹ rán wá pẹ̀lú àpò, ẹbí wa lòun náà?"

"Ọkùnrin wo?"

Mo sọ ohun tí ọkùnrin náà wí, láti orí páálí dé orí ohun tí wọ́n á rọ sínú ìgò. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn ń mí kanlẹ̀. Bàbá Kékeré ní òun ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo bi Ààfáà pé kí ni ká ṣe sí wọn. Wọ́n ní kí ìyá mi sọ.

Ìyá mi ní, "Ẹ dà wọ́n nù, kí ilé mi lè fúyẹ́."

Èmi àti àwọn obìnrin ilé la dà wọ́n sí gọ́tà iwájú ilé. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìdérí àwọn kan ti dógùn-ún, ọ̀bẹ la fi ṣí wọn. Kọ́ọ̀kì àwọn kan fọ́ yángá-yángá sínú ìgò. Ṣìnáàpù kan wà tí ó dí pinpin ṣùgbọ́n tí ó ti gbẹ lọ sí ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Òórùn náà gba gbogbo àdúgbò. Ọkùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lódìkejì títì sáré wá pẹ̀lú kọ́ọ̀pù.

"Àńtí, ẹ jọ̀ọ́! Ọ̀kan péré! Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ń dá yìí!"

Mo ń dà á lọ. Lẹ́yìn náà mo kó àwọn ìgò sínú àpò ìrẹsì, mo fi òòlù ṣọ́ọ̀bù bàbá mi fọ́ wọn. Mo lù wọ́n ju bó ti yẹ lọ. Ìyá mi ní kí n dá ọwọ́ dúró, wọ́n ti fọ́ tipẹ́.

Mo ní kí Bàbá Kékeré kọ òtítọ́ sí ibi tó ti kọ irọ́. Níwájú Ààfáà ló ti gbà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kọ ọ́: "Ọ̀rọ̀ ilé wa ti yanjú. Kí Ọlọ́run forí jin Àlàájì." Àwọn ènìyàn ń dáhùn ní àmín, àmín, àmín. Forí jì wọ́n nítorí kí ni? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sábẹ́ rẹ̀, láti orí ìdérí dé orí orúnkún. Àwọn tó ti rẹ́rìn-ín kà á, àmì rẹ̀ hàn pé wọ́n kà á, wọn kò fèsì. Àwòrán yẹn ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ibi tí mi ò mọ̀.

Kí ìyá mi tó jáde nínú opó, obìnrin asáláàtù yẹn padà wá, ó gbé ọsàn wá. Ó ní, "Alájà, ẹ forí jì mí, a ò mọ̀ ni."

Ìyá mi gba ọsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó jókòó. "Ẹ ò mọ̀," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́." Wọ́n bu omi fún un mu, wọ́n sì jọ ṣe àdúà.

Èmi ò ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Mo kúrò nínú gúrúùpù ẹbí. Ọmọ Bàbá Kékeré tún fà mí wọ̀ ọ́, ó ní ẹbí ni ẹbí ń jẹ́. Mo tún jáde. Bí mo bá pàdé bàbá rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Á ní, "Ọmọ mi, ara ń le?" Mo máa ń dáhùn pé ara ń le. Ṣùgbọ́n "wọ́n" yẹn, mi ò tíì rí i fún un padà.